Ẹ Dán Oníkẹ́míkà Wò Kí Ẹ Tó Fún Un Níwèé Àṣẹ: Lẹ́tà Gbangba sí Ọ̀gá Àgbà NAFDAC

Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọ̀gá Àgbà,

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwé àṣẹ láti ta kẹ́míkà, tàbí láti ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kó o sí, àfi bó bá yege nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà nípa ewu ọjà rẹ̀ àti bí kò ṣe ní bọ́ sọ́wọ́ ìkà. Àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù lè fi ibi tí kẹ́míkà wà hàn wá. Kò lè fi ohun tí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà mọ̀ hàn wá.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀. Láàárín ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Propylene glycol ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Diethylene glycol, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú epo bíréèkì, ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan ní Èkó ló ti wá. Méjèèjì mọ́ gaara, méjèèjì ki, méjèèjì dùn díẹ̀ lẹ́nu. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, imú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń ba kíndìnrín jẹ́ débi pé ọmọ ò ní lè tọ̀ mọ́. Àyẹ̀wò láàbù nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ hàn, ìdí nìyẹn tí ìwé èsì àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé àgbá kẹ́míkà láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é dé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó.

Ìbéèrè tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń há sórí. Kí àwòrán kẹ́ẹ̀gì kan jáde: wọ́n kọ glycol sí i lára, nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́, kò sí ìwé èsì àyẹ̀wò, ilé-iṣẹ́ oògùn tó fẹ́ rà á sì ń kánjú. Kí lo máa ṣe? Kí òmíràn béèrè pé, bí àlejò bá fẹ́ ra ásíìdì lọ́pọ̀, tí kò fẹ́ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ta lo máa pè? Kí kọ̀ǹpútà máa ṣa ìbéèrè fún oníkálukú, kí ti ẹnìkan má bàa jọ ti ẹnìkejì. Àǹfààní tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin fúnra yín á rí ibi tí àwọn oníkẹ́míkà Ọjọ́ta ti ń kùnà àti ibi tí ti Onitsha ti ń kùnà, ẹ ó sì mọ ohun tó yẹ kí ẹ kọ́ wọn.

Wọ́n á ní àwọn kan á háyà ẹni tó máa bá wọn ṣe é. Òótọ́ ni. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ ìka kó tó wọlé. Ẹ yá àwọn ibùdó wọ̀nyẹn lò nígbà tí àsìkò JAMB bá kọjá.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń nájà. Bí ìdánwò bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, Gẹ̀ẹ́sì la dán wò, a ò tíì dán ìmọ̀ wọn wò. Kí kọ̀ǹpútà máa ka ìbéèrè sí wọn létí ní èdè wọn, kí ó sì máa fi àwọn àmì ewu tó wà lára ìke hàn wọ́n: agbárí, iná, ọwọ́ tí ásíìdì ń jẹ.

Ìdánwò ò lè wo ojúkòkòrò sàn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti yege kò ní lè dúró níwájú adájọ́ kó ní òun ò mọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún àwọn tó ń ṣe oògùn. Nígbà tí wọ́n bá tún wá sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun, ẹ má fọwọ́ sí i láìrí èsì ìdánwò nínú fáìlì.