Ológbò tó ń sunkún bí ọmọ jòjòló: kì í ṣe àjẹ́ o!

Láti Odò-Orò dé Ìkọ̀lé, títí dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, kò sẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ ológbò. Eku ló wà fún. Bó bá ti pa eku abà tán, á wá ibì kan jókòó sí nídìí ààrò, á máa wo oníkálukú bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kó wá dì mọ́ òun.

Ẹ wá gbọ́ ti Siamese. Ilẹ̀ Siam, èyí tí wọ́n ń pè ní Thailand báyìí, ló ti wá. Lọ́dún 1878, aṣojú Amẹ́ríkà ní Bangkok fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyàwó Ààrẹ Rutherford Hayes. Lọ́dún 1884, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, Edward Gould, kó takọtabo lọ sílé fún ọmọ ìyá ẹ̀ obìnrin.

Ara ẹ̀ rí bíi wàrà. Ojú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù ẹ̀ dúdú, ẹyinjú ẹ̀ sì búlúù. Wọn kì í bí dúdú yẹn mọ́ ọn o, funfun ni wọ́n ń bí i. Ibi tí ara ẹ̀ bá ti tutù jù ló ń dúdú. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ń gbé nílùú olóoru fi lè má dúdú tó ti ìlú olótùútù. Kí ẹni tó rà á l'Ékòó má tètè pariwo olè. Àmọ́ ṣá, kì í ṣe gbogbo ológbò funfun ni Siamese. Ẹni tó bá ń pe owó ńlá lé e, kó mú ìwé ìran ẹ̀ jáde, kó sì jẹ́ kí wọ́n rí ìyá ẹ̀.

Ìfẹ́ ẹ̀ gan-an ni wàhálà. Bí olówó ẹ̀ bá wọ bálùwẹ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jókòó, orí itan ló ń gùn. Ẹnu ẹ̀ kì í sì í dákẹ́; bí wọ́n bá dá a lóhùn, á tún fèsì. Ẹni tó ń jáde láago márùn-ún ìdájí, tó ń wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́, tí kò sì sẹ́nì kankan nílé, kó má rà á, àbí kó kúkú ra méjì.

Igbe yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ohùn ẹ̀ dà bíi ti ọmọ jòjòló, pàápàá nígbà tí abo bá ń wá akọ. Ẹ ro ó wò, kí ọmọ Odò-Orò kan gbé e wálé lọ́dún Kérésì, kó wá bẹ̀rẹ̀ igbe lóru, pẹ̀lú ẹyinjú búlúù! Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti ní ìyá àgbà kan nínú ilé ló ń rán an níṣẹ́. Ológbò á kú, wọ́n á sì ba ìyá onílé lórúkọ jẹ́ lásán. Bẹ́ẹ̀, kò sí awo kankan níbẹ̀. Bí dókítà ẹranko bá yọ ilé ọmọ abo, tàbí tó tẹ akọ lọ́dàá, igbe ìwákọ-wábo yẹn á tán. Kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi níbẹ̀ náà. Ẹni tó gbé e wá sì gbọ́dọ̀ sọ fáwọn ará ilé kí ọjọ́ tó ṣú.

Ní ti oúnjẹ, ẹja tàbí ẹran bíbọ̀ tí kò níyọ̀ dáa. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ò dáa fún un, wàrà màálù sì lè mú kó máa yàgbẹ́ gbuuru. Parasitamọ́ọ̀ ńkọ́? Ẹyọ kan lè pa á. Bó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé, òun náà lè bá a lọ, nítorí náà kí wọ́n kó oògùn eku kúrò nínú àjà kí wọ́n tó gbé e wọlé.