Ẹ Má Ṣe Fi Ojú Pe Ìmọ́lẹ̀ Pupa Níjà

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í ti òwúrọ̀ ṣepin. Ohun kan ni mo rí ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú, níbi tí mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún púpọ̀, mo sì rí i pé kò yẹ kí n dákẹ́ lé e lórí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù kọjá ní Odogunyan yóò ti mọ ibi tí mo ń wí. Irin ni wọ́n ń yọ́ níhìn-ín, tírélà ni ó ń já ẹrù lọ́hùn-ún, ariwo ẹ̀rọ kò sì dákẹ́ ní ọ̀sán àti ní òru. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá kan tí ó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù wá wọn sítọ́ọ̀ ńlá kan, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì. Wọn kò mú téèpù lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju fóònù lọ ni wọ́n mú wá, irú èyí tí ó ń ta ìmọ́lẹ̀ pupa tín-ín-rín sára ògiri, tí nọ́ńbà yóò sì hàn lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà yọ sí mi ní yàrá ìtọ́jú.

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Nǹkan dúdú kan ń dí mi lójú.”

Mo bi í pé, “Ṣé ó ń dùn ọ́?”

“Rárá, mà, kò dùn mí rárá. Bí mo bá wo lẹ́tà kan nínú ìwé, n kì í rí i, ṣùgbọ́n mo ń rí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mà, ẹ má dá a lóhùn, ọ̀lẹ ni. Irú iná kékeré yẹn kọ́ ni yóò ba ojú ènìyàn jẹ́.”

Mo wádìí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi tú. Nígbà tí ọ̀gá jáde lọ dá kọ́ńtírátọ̀ lóhùn, àwọn ọmọ méjèèjì fi ìgò mínírà kan ta iyán, pé kí àwọn wo ẹni tí yóò lè tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ náà pẹ́ jù. Èyí tí ó wà níwájú mi ni ó borí. Mo ní kí ọ̀gá mú ẹ̀rọ náà wá. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, n kò rí àkọlé ìkìlọ̀ kankan lára rẹ̀. Páálí rẹ̀ ti di ohun àjùnù láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ní ọjà, ìwé tí ó wà nínú páálí sì bá a lọ.

Mo kọ ìwé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà kán oògùn tí ó ń la ẹyin ojú sí i, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé ibi tí a fi ń kàwé gan-an, ní ẹ̀yìn ojú, ni iná ti jó. Àbàwọ́n náà ti dín kù nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kò tán. Bí ọmọ náà bá dijú kejì, kò lè rí àwọn ìlà kéékèèké tí ó wà lára téèpù mọ́. Iṣẹ́ ìwọ̀n sì ni àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ kọ́ o.

Ẹ má ṣe tìtorí ìtàn yìí sá fún ẹ̀rọ náà. Ohun èlò tí ó wúlò ni. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni Theodore Maiman kọ́kọ́ mú kí ìmọ́lẹ̀ lésà tàn ní Malibu, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1993 ni ilé iṣẹ́ Leica ti ilẹ̀ Switzerland gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lésà àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè mú lọ́wọ́ jáde. Ìmọ́lẹ̀ a máa rin nǹkan bí kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ògiri bá jìnnà sí ọ ní mítà 15, àlọ àti àbọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Èyí tí ó lọ àti èyí tí ó bọ̀ ni ẹ̀rọ náà fi ń wé ara wọn, tí ó fi ń mọ bí ọ̀nà ti jìn tó. Èyí tí ó dára nínú wọn kì í ṣì ju mílímítà 2 tàbí 3 lọ, kò sì sí pé ènìyàn ń gun àkàbà láti di ẹnu téèpù mú ní òkè.

Àwọn kan ń sọ kiri pé ìmọ́lẹ̀ náà ń fa jẹjẹrẹ, wọ́n ní ó ń mú kí ọkùnrin má lè bímọ. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí lásán ni, kì í ṣe irú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya egungun ní ilé ìwòsàn. Kò lè ṣe awọ ara ní nǹkan kan. Ojú nìkan ni a ń bẹ̀rù fún.

Ẹlòmíràn yóò bèèrè pé, báwo ni iná tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì yóò ṣe pa ojú lára, nígbà tí gílóòbù wáàtì 60 ń tàn nínú ilé tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ gílóòbù a máa fọ́n káàkiri bí omi tí a dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti lésà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́n, ó dà bí okùn tí a fà gbọọrọ. Bí ó bá wọ inú ojú, ojú fúnra rẹ̀ yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú kan ṣoṣo tí ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí àwọn ọmọdé ti ń fi awò kó oòrùn jọ láti jó ìwé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ọlọ́run fún wa ní ààbò kan, èyíinì ni ìpajúpẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ líle bá ta sí wa lójú, a ó pajú dé kí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Àwọn onímọ̀ gbé ìṣirò wọn lé orí èyí: ẹ̀rọ tí wọ́n bá kọ “Class 2” sí lára kò gbọdọ̀ ju mílíwáàtì kan lọ, kí ìpajúpẹ́ lè tó fún ààbò. Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá ṣèèṣì kọjá lójú rẹ, má fòyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi tipátipá la ojú sílẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún olè. Ọmọdé tí ó ń ṣeré àti ẹni tí ọtí ń pa náà kì í pajú bí ó ti yẹ.

Ohun tí ó burú jù ni pé ẹ̀yìn ojú kì í mọ ìrora. Àwọn jórinjórin mọ̀ pé ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo iná wọn ní ọ̀sán, ní òru ni ojú yóò máa ta á bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i. Iwájú ojú ni iná tiwọn máa ń jó, ó sì sábà máa ń jinná ní ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yìn ojú ni ti lésà ń lọ. Kò ní ta ọ́, kò ní pọ́n, kò ní somi. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀gá ọmọ náà pè é ní ọ̀lẹ.

Àwọn ẹ̀rọ tí kò ní àkọlé, tàbí tí àkọlé wọn ń purọ́, kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2013, NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó òṣùwọ̀n, kéde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún iná lésà ìtọ́ka 122. Nínú àwọn tí ó ní àwọ̀ ewé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 nínú 100 tí kò bá òfin ààbò mu. Nínú àwọn tí ó pupa, 44 nínú 100 ni. Iná ìtọ́ka ni wọ́n, kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ọjà pọ́ọ́kú a máa já ni kulẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ̀yin òbí, ìmọ̀ràn mi nìyí.

Èkínní, ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní àkọlé. Ẹ wo igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí, kí ẹ sì ka ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Class 1” tàbí “Class 2” ni kí ẹ mú.

Èkejì, ẹ má ṣe gbé e dúró ní ibi tí ojú ènìyàn ga dé. Ìbàdí tàbí àyà ló yẹ ẹ́. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ wo ẹni tí ó wà ní òdì kejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá máa gba ojú ọ̀nà kọjá, ẹ fi ẹnì kan ṣọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ń dán: dígí, gíláàsì, alumíníọ̀mù, páànù tuntun. Wọn a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tí ẹ kò retí. Ẹ lẹ bébà lásán mọ́ ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀n.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi awò awọ̀nàjíjìn wo ìmọ́lẹ̀ náà, nítorí ńṣe ni yóò tún kó o jọ sí i. Awò pupa tí wọ́n máa ń tà pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn kò sì lè dáàbò bo ojú. Kí ènìyàn lè rí àmì pupa nínú oòrùn ni wọ́n ṣe ṣe é. Awò oòrùn náà kò wúlò fún èyí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ rántí ẹsẹ̀ yín. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀yìn rìn, tí ojú rẹ̀ wà lórí nọ́ńbà, lè jábọ́ láti orí òrùlé tàbí kí ó bọ́ sínú kòtò. Ẹ dúró kí ẹ tó wọ̀n. Bí ẹ bá wọ̀n tán, ẹ pa á kí ẹ tó rìn.

Ẹ̀kẹfà, bí iṣẹ́ bá parí, ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi tan ojú awakọ̀.

Bí ẹnì kan bá ti tẹjú mọ́ ọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ó fi èkejì wo ìlà ara táìlì tàbí ìlà inú ìwé. Lẹ́yìn náà kí ó pààrọ̀ wọn. Bí ìlà náà bá wọ́, tàbí bí apá kan rẹ̀ bá sọnù, tí kò sì kúrò bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ojú ló kàn lọ́jọ́ náà. Ẹ mú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ kí dókítà lè rí i. Ẹ má ṣe ra ojú. Ẹ má ṣe fún omi ọmú, omi iyọ̀, ìtọ̀ tàbí àgbo sí i. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dé ibi tí iná ti jó, wọ́n sì lè mú kí iwájú ojú náà bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá yóò bínú sí mi, ṣùgbọ́n n ó sọ èyí tí ó wà lọ́kàn mi. Àwọn ènìyàn dá ọmọ náà lẹ́bi, wọ́n ní òmùgọ̀ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni ó ra ẹ̀rọ tí kò ní àkọlé? Ta ni ó sọ ìwé nù? Ta ni ó fi í lé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́ láìsọ gbólóhùn kan? A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè. Òfin tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2010 fún owó àwọn tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí NSITF ń bójú tó, ka ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó fara pa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó wọn létí. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí ẹ tó mú ọmọ yín lọ wọṣẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ọ̀gá kan nílò láti sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, “Má wo inú rẹ̀, má ta á sí ẹnikẹ́ni lójú.” Ẹni tí kò bá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta náà, kí ó padà sí téèpù rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má fi ojú wa jẹ wá níyà o.