Scan Kì Í Ṣe Fún Ọkùnrin Tàbí Obìnrin Nìkan

Tí aboyún bá di ẹ̀gbẹ́ mú ní Òwu-Ìsin, tó ń yí gbiri lórí ẹní, kí lẹ rò pé wọ́n á kọ́kọ́ sọ? "Ibà ni." Tí oògùn ibà ò bá ràn án, "ọmọ ló ń yí." Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á rán ọmọdé lọ ra diclofenac ní kẹ́míìsì. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, mi ò bá àwọn ìyá àgbà jà o. Àwọn tó kàwé ìlera, tí èsì tiwọn náà ò yàtọ̀, ni mo ń bá wí.

Òkúta inú kíndìnrín ń mú aboyún. Àwọn oníṣègùn kan ní oyún kan nínú 200, àwọn mìíràn ní ọ̀kan nínú 1,500. Ẹ tiẹ̀ mú èyí tó kéré jù, kó tó di pé ẹ ní kò lè kan ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin. (Àwa Ìgbómìnà, òkúta Ẹ̀síẹ́ nìkan la fẹ́ máa gbọ́ ìròyìn ẹ̀.) Ìgbà tí ikùn ti yọ ló sábà ń hàn. Ìrora á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, á sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ ikùn. Á dé, á lọ, bí ìrọbí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣì í pè ní ìrọbí àìtọ́jọ́ tàbí appendix.

Ẹjọ́ mi gan-an rèé. Àwọn obìnrin wa ń ṣe scan, wọ́n ń sanwó ẹ̀. Ohun tí gbogbo ilé ń béèrè ni: ọkùnrin àbí obìnrin? Ẹ̀rọ yẹn kan náà, tí wọ́n bá gbé e kúrò lórí ikùn sí ẹ̀gbẹ́, kíndìnrín méjèèjì á hàn. Kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray tàbí CT, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún aboyún káàkiri ayé.

Wọ́n á ní scan kì í rí gbogbo òkúta. Òótọ́ ni. Wọ́n á ní kíndìnrín ọ̀tún máa ń wú nínú oyún láìsí òkúta, torí ilé ọmọ ń tẹ ọ̀nà ìtọ̀. Òótọ́ tún ni. Kí ẹni tó ń ṣe é kọ́ṣẹ́ dáadáa nìyẹn, kó wò bóyá ìtọ̀ ń tú sínú àpò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ṣé torí pé àtùpà ò mọ́lẹ̀ dé gbogbo igun ilé la ṣe máa jókòó sókùnkùn?

Ó tó méje nínú mẹ́wàá òkúta yìí, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀, tó ń bá ìtọ̀ jáde fúnra wọn: omi, paracetamol, àmójútó. Diclofenac kọ́, ibuprofen kọ́. Ní 2020, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ 20 oyún, irú oògùn wọ̀nyí lè pa kíndìnrín ọmọ inú lára, kí omi tó yí i ká sì dínkù. Ẹ ò rí i: kíndìnrín ìyá ń dùn ún, a wá lọ ń ba ti ọmọ jẹ́.

Àmọ́ tí òkúta bá dí ọ̀nà ìtọ̀, tí ara wá gbóná, ẹ̀mí méjì ló wà nínú ewu. Ibi tí "ibà ni" ti ń pààyàn gan-an nìyẹn. Ilé ìwòsàn ńlá ló kàn, bíi ti Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti lè ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀nà ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè ráyè kọjá. Rọ́bà ọ̀hún gan-an, wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, torí nínú oyún òkúta tètè ń dì mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta láti ìta ara, èèwọ̀ aboyún ni.

Ọ̀nà Ìlọrin jìn sí Òwu-Ìsin, a ò lè sún un mọ́ itòsí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ scan tí wọ́n ti sanwó ẹ̀, ká gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí aboyún bá ní ẹ̀gbẹ́ ń dun òun, kí ló ná wa? Kí ọ̀gá kẹ́míìsì kọ́kọ́ béèrè bóyá aboyún ló fẹ́ lo diclofenac, èló ni?