Ẹ Má Tíì Ra Bátìrì Mìíràn

Bátìrì mẹ́ta ni bàbá ọ̀rẹ́ wa ti rà sínú ọkọ̀ ìpẹja tòkunbọ̀ wọn kí a tó dé etíkun Ìlàjẹ lásìkò ìsinmi. Ẹ̀kẹta ṣì ń dán. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tan iná ọkọ̀ lálẹ́, ńṣe ló ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde nísàlẹ̀ ọkọ̀ a kùn díẹ̀, a sì dákẹ́. Bàbá wò wá láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ṣé ìwé yín mọ omi?”

Ó mọ̀ ọ́n díẹ̀. Tiwa ni pé nínú ọkọ̀ ojú omi àlòkù, kì í ṣe bátìrì ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ fura sí. Ojú ibi tí wáyà ti pàdé wáyà ni.

Mítà kékeré kan la mú lọ. A gbé e lé orí bátìrì, ó kọ fóòtì 12.6. Bátìrì tó kún nìyẹn; bó bá kọ 12.0, ó ti ń lọ sópin. A tú wáyà kúrò lára pọ́ǹpù, a wọn ẹnu wáyà náà: 12.5. Bọ̀ọ̀dá rìwáyà tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ẹ rí i báyìí, iná dé ibẹ̀, pọ́ǹpù ló kú. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré lọ ra pọ́ǹpù tuntun nìyẹn. A dá wáyà padà, a tan pọ́ǹpù, a tún wọ̀n ọ́n bó ṣe ń kùn: 8.7.

V = IR ni. Bí iná kò bá ṣàn, ìdènà ojú ọ̀nà kì í jẹ fóòtì kankan, ìbáà jẹ́ pé fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì já. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dé bá wáyà ni àléébù rẹ̀ ń hàn. (Gbogbo wa la ti gba máàkì lórí èyí láìmọ ohun tó wúlò fún.)

Ó wá ku ibi tí fóòtì yòókù wọlẹ̀ sí. A jẹ́ kí pọ́ǹpù wà ní títàn, a fi ẹnu mítà kan kan orí odi bátìrì, a fi èkejì kan wáyà dúdú lẹ́nu pọ́ǹpù. Bí ọ̀nà bá dára, kò yẹ kó kọ ju ìdajì fóòtì lọ. Tiwa kọ 3.4. Wáyà dúdú ló bàjẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wò, torí pupa ni gbogbo ojú ń wò. A tẹ̀ lé e dé abẹ́ pákó ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnìkan ti lọ́ wáyà méjì pọ̀, tó fi téèpù dúdú wé e, tó sì fi í sílẹ̀ nínú omi iyọ̀. Nígbà tí a tú téèpù náà, bàbà inú rẹ̀ ti di eérú aláwọ̀ ewé. A yọ orí bátìrì, a gé wáyà náà títí a fi kan ibi tó ń dán, a fi irin ìsopọ̀ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, a fi gíríìsì bò ó, a sì so ó sókè níbi tí omi kò ní dé. Pọ́ǹpù tu omi bí ẹni tó ti ń dúró tipẹ́.

Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni fíúsì. Wáyà lásán ni ẹni tó lo ọkọ̀ náà ṣáájú fi rọ́pò rẹ̀, nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sí! Ẹ̀bá bátìrì gan-an ló yẹ kí fíúsì wà, torí kò lè dáàbò bo wáyà tó wà ṣáájú rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa fẹ́ bú rìwáyà. A kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Bọ̀ọ̀dá náà sọ fún wa pé àwọn ti ní kí Bàbá san owó iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ kí àwọn fi wá àléébù náà, Bàbá sì kọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n san owó bátìrì mẹ́ta láìjanpata, torí bátìrì ṣeé fọwọ́ kàn. Bí a ṣe ń ṣe sí gbogbo ẹni tó ń tún nǹkan ṣe nìyẹn, láti orí kọ̀ǹpútà dórí jẹnẹrétọ̀: owó ẹrù la mọ̀ ọ́n san, a kì í fẹ́ san owó ìwádìí. Àwa náà, nígbà tí a parí, ohun tí Bàbá kọ́kọ́ bi wá ni pé, “Kí lẹ wá pààrọ̀?”

Wáyà tó kù nínú ọkọ̀ náà kò kéré lọ́jọ́ orí sí èyí tí a gé. A ń padà lọ nísinmi tó ń bọ̀ pẹ̀lú wáyà bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò, èyí tí iyọ̀ kì í tètè jẹ. Bàbá ti gbà láti san owó rẹ̀. Owó ọwọ́ wa ni a ṣì ń dúnàádúrà lé lórí.