Bárakú Oògùn Olóró: Ìpàdé Wúlò, Ṣùgbọ́n Kò Lè Dá Iṣẹ́ Náà Ṣe

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó èèyàn 259 jáde kúrò nínú ilé kan tí wọ́n há wọn mọ́ ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Agbowó yóò débẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu rẹ̀. Ilé àtúnṣe ni wọ́n ń pè é. Oṣù yẹn kan náà ni àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé wọ́n ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ de àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nílé ìwòsàn ìjọba, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nílé kéwú, àti pé àwọn mọ̀lẹ́bí gan-an ló sábà máa ń mú wọn lọ.

Láti ìgbà náà, bí a bá ti ní kí àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún máa kóra jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́, irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àṣìṣe ńlá ni. Ìpàdé tí ènìyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, tó sì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde níbẹ̀, kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ọdún 1935 ni àwọn ọ̀mùtí méjì, Bill Wilson àti dókítà Bob Smith, dá irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Akron, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọn kì í gbowó ìtọ́jú, wọn kì í sì í béèrè ọmọ ta ni ọ́. Ẹni tó ti mutí títí tó fi ta bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn lé ni yóò bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ta tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò lè purọ́ fún un. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Cochrane gbé ìwádìí 27 yẹ̀ wò lọ́dún 2020, wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 42 nínú 100 àwọn tó tọ ọ̀nà yìí ni kò fẹnu kan ọtí rárá. Ti àwọn tó gba ìtọ́jú mìíràn jẹ́ 35. Àǹfààní gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé 58 tó kù.

Ọtí sì ni ìwádìí yẹn dá lé. Igbó, tramadol àti kodéìnì ló ń dà wá láàmú níhìn-ín. Kódà nídìí ọtí, ọ̀mùtí paraku tó bá ṣàdédé jáwọ́ lè ní gìrì, ó sì lè bá a lọ. Dókítà ló mọ oògùn tí yóò fún un, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú tún ń bẹ. Ìbàdàn tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jókòó sí Bódìjà, kí ẹ dárúkọ agboolé yín, ẹ ó rí ẹni tó mọ ìyá yín. Bí kò bá sì sí ẹni tó ń bójú tó ìpàdé, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ẹni ti lè pàdé ẹni tí yóò máa tà á fún un.

Àwọn òbí yóò ní ọmọ tó ń lo oògùn kò lè fúnra rẹ̀ lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ọmọ ti jí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán rẹ̀ tà, ojú rẹ̀ ti rí tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tì mọ́lé fún oṣù mẹ́ta láìlo tramadol, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tó bá jáde tó sì lo iye yẹn, ó lè kú.

A ti rí àpẹẹrẹ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé. Lọ́dún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, l'Ábẹ́òkúta: àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín ará abúlé, mọ̀lẹ́bí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Ará ìlú àti dókítà jọ ṣe é ni. Ìwádìí orílẹ̀-èdè ti ọdún 2018 fi hàn pé ó ju 22 lọ nínú 100 àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ọdún yẹn náà ni ìjọba fòfin de omi ikọ́ oníkodéìnì, bí ẹni pé òfin ń wo àìsàn. Kí ìjọba Ọ̀yọ́ ya yàrá kan àti nọ́ọ̀sì kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ìpàdé yìí nílé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, láti Agbowó dé Ring Road, kí wọ́n sì máa fi èyí tó bá le ránṣẹ́ sí UCH.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òbí tó bá fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ níbikíbi, kó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún un lọ́la bó bá ní òun fẹ́ wálé. Bí wọ́n bá ń ṣe kámi-kàmì-kámi, kó mú ọmọ rẹ̀, kí wọ́n jọ padà sílé.