Ẹ Ka Gbogbo Ọ̀nà fún Wa: Lẹ́tà sí Àwọn Dókítà Tó Ń Tọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀yin dókítà wa,

Okpomèta, ní ilẹ̀ Kétu, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Bí kókó inú ẹ̀dọ̀ aláìsàn bá ti tóbi, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ẹbí sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu yín: “Ẹ máa gbé e lọ sílé,” tàbí “Ẹ wówó, ẹ gbé e lọ sókè òkun.” Ọ̀nà pọ̀ láàárín méjèèjì, ẹ kì í sì í kà wọ́n fún wa.

Mo rí ìwé tí ilé ìwòsàn kan kọ fún àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kókó náà tó sẹ̀ǹtímítà 11. Fítámì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí òògùn ìrora. Wọn ò kọ bí ìyókù ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìtóbi nìkan kọ́ ló ń pinnu. Kókó ńlá kan ṣoṣo tí kò tíì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ṣeé gé kúrò bí ìyókù ẹ̀dọ̀ bá lágbára. Fífi ooru jó o kò bá kókó ńlá mu. Kékeré ló wà fún. Fún èyí tí kò ṣeé gé, wọ́n lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ da òògùn sí i, kí wọ́n sì dí iṣan tó ń bọ́ ọ. Wọ́n sì lè jẹ́ kí òògùn máa ṣàn sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdí iṣan. Àwọn dókítà ilẹ̀ Ṣáínà fi méjèèjì wéra lára aláìsàn 315 tí kókó wọn tó sẹ̀ǹtímítà 7 ó kéré tán, tí àrùn náà kò sì tíì jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2022: ìdajì àwọn tí òògùn ń ṣàn sí lára lò tó oṣù 23 láyé, oṣù 16 ni ti àwọn tí wọ́n dí iṣan wọn. Ní ti sorafenib, òògùn oníhóró, ìwádìí 2008 fi hàn pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló fi kún ẹ̀mí.

Ṣé kí ènìyàn ta oko rẹ̀ nítorí oṣù mẹ́ta? Ẹlòmíràn á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹlòmíràn á ní kí àwọn ọmọ fi owó náà lọ sílé ẹ̀kọ́. Àwọn ló ni ìpinnu yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ fún kò lè yàn.

Nítorí náà, ẹ kọ ìwọ̀n kókó, iye rẹ̀ àti agbára ẹ̀dọ̀ sínú ìwé. Ẹ sọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, iye owó rẹ̀ àti ohun tí a lè retí. Bí kò bá sí èyí tó bá aláìsàn mu mọ́, mọ́fíìnì àti fífa omi inú ikùn ṣì jẹ́ ìtọ́jú. Ẹ má fi dù ú. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wò fún àrùn mẹ́dọ̀wú B, nítorí òun ló ń fa púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ yìí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì wà, bẹ́ẹ̀ ni òògùn tó ń kì í wọ̀.

Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan tí ẹ nílò kí ẹ tó jókòó ti ẹbí, kí ẹ sì bá wọn sòótọ́. Ọ̀la ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ Okpomèta kan