Ẹ Kú Ìdúró, Àǹtí Wa!

Àǹtí, ẹ kú oríire o! Ẹ kú 70 ọdún, ẹ kú àṣeyẹ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àlejò ṣíṣe. Ẹ kú ewu ọkọ̀ òfurufú, ẹ kú gbágungbàgun ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ọ̀kà tí ẹ ní ó fẹ́ yọ yín ní ìbàdí. Ẹ̀yin àti Ìpínlẹ̀ Òǹdó lẹ jọ ń ṣọjọ́ ìbí nínú oṣù kan náà. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, ó pé 50 lọ́dún yìí, ẹ sì fi 20 ọdún jù ú lọ. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló yẹ kó wá dọ̀bálẹ̀ kí yín.

Gbogbo ìkíni tó yẹ làwọn èèyàn ti kí yín láti ìgbà tí ẹ ti wọ Ọ̀kà. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, òun ni mo torí ẹ̀ mú bíírò: ẹ kú ìdúró.

Ọ̀gbẹ́ni tó di máìkì mú lánàá ló fà á. Ó ní ọlọ́jọ́ ìbí ti di Òyìnbó pátápátá, pé ní Sátidé Sátidé ni wọ́n ń gbé páálí dúró sétí títì ní Maryland, tí wọ́n ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fàǹfà. Gbogbo abẹ́ kánópì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí lára. Ọ̀kà ni ẹ ti kọ́ ìdúró yẹn, mo sì wà níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí gbogbo kànga àdúgbò wa gbẹ? Ẹ ò lè ju ọmọ ọdún 11 lọ. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ gba orí kan etí kí wọ́n lè gbà mí síléèwé ni. Ìyá wa àti àwọn obìnrin bí 40 já ewé sọ́wọ́, wọ́n gbé garawa òfìfo rù, wọ́n forí lé ọ́fíìsì kan tí n ò ní dárúkọ, nítorí ọmọ ẹni tó ṣe ọ̀gá níbẹ̀ nígbà náà wà lára àwọn tó jẹ iyán yín lánàá. Wọn ò ju òkò, wọn ò fọ́ fèrèsé. Wọ́n to garawa láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ìdí kẹ̀kẹ́ ọ̀gá, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń kọrin, irú orin tí èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín sí kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Bí ọ̀gá bá fẹ́ lọ sílé, àfi kó gbé garawa àwọn ìyá kúrò lọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo ayé. Kò lè gbé e. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, lọ́rì tó gbé àgbá omi dé. Ẹ̀yin lẹ jókòó ti garawa tó kẹ́yìn. Ojoojúmọ́ lẹ fi ń rù ú lọ rù ú bọ̀ láìlo òṣùká, tí irun àárín orí yín fi bó.

Ẹ wá sọ fún mi, Òyìnbó wo ló wà níbẹ̀?

Ìyá wa ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti bí ẹní mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹnu ìyá wa la ti gbọ́ bí Fúnmiláyọ̀ ṣe kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ya bo ẹnu ààfin Aláké lọ́dún 1947 nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, tí wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Nígbà tó máa fi di oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti gbé ìlú sílẹ̀. Ó padà sórí ìtẹ́ lẹ́yìn náà o, àmọ́ ibi tí ìyá wa máa ń dúró sí nínú ìtàn náà kì í kọjá ọjọ́ tí ọba kó ẹrù.

Ẹ dé Ìbàdàn, ẹ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Oṣù Kẹrin 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kúrò ní 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́, wọ́n sọ ọ́ di náírà kan àtààbọ̀. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba títì, wọ́n ní dandan ni kí Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣánà ètò ẹ̀kọ́ kúrò. “Ali Must Go” ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Yunifásítì kọ́ lẹ wà, owó oúnjẹ yẹn ò sì kàn yín, ẹ sáà bá wọn jáde. Lẹ́tà tí ẹ kọ sílé lẹ́yìn rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́ta lọ: pé ẹ wà láàyè, pé bàtà yín ẹsẹ̀ kan sọnù, pé kí wọ́n má fi owó ránṣẹ́ nítorí ẹ ti rí òmíràn yá. Bàbá wa ní kí n kà á sóun létí. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, kí n wá ibi tí ẹ ti tọrọ àforíjì. Mo wá a títí. Kò sí níbẹ̀.

Ti Ìkàrẹ́, níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ló wá dùn jù. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹfà 1993 tí ìjọba Babangida wọ́gi lé ìbò June 12, ẹ ti di àgbà nọ́ọ̀sì, ẹ ti bímọ mẹ́ta. Abíọ́lá lẹ dìbò fún, ẹ ò sì fi bò. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọlọ́kadà tí ò bá so ewé mọ́ orí ọ̀kadà rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ní àdúgbò Jubilee. Ẹ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú aṣọ funfun, ẹ bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ti yí táyà sáàárín títì, tí wọ́n ń wá ìṣáná. Ẹ ò bá wọn jà. Ẹ fi ọwọ́ gbọn eruku orí táyà náà, ẹ sì jókòó lé e. Ẹ ní èyí tó bá fẹ́ dáná sun táyà, kó kọ́kọ́ sun yín, nítorí pé ẹ̀yin náà lẹ máa wẹ egbò fún ẹni tó bá jóná, kò sì sí báńdéèjì níbi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Màámi, ẹ dìde, ẹ ti ba iṣẹ́ wa jẹ́.” Ẹ ní kí wọ́n já ewé, kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n sì tẹ̀ lé yín. Dúdú táyà yẹn ò kúrò lára aṣọ funfun títí ẹ fi kúrò n'Ìkàrẹ́. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Ọdún kejì rẹ̀, nínú oṣù Karùn-ún 1994, wọ́n dá ẹgbẹ́ NADECO sílẹ̀ láti jà fún ìbò yẹn, Adékúnlé Ajáṣin ará Ọ̀wọ̀ ló sì ṣíwájú. Ẹni ọdún 85! Ọkùnrin yìí kan náà ló kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1955, èyí tó gbé ẹ̀yin àti èmi dé iléèwé. Ìjọba Abacha mú un ní 1995 nítorí ìpàdé tí wọ́n ń ṣe nílé rẹ̀. Ó kú ní 1997, kò rí ìparí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti Ìkàrẹ́ ń bọ̀ l'Ọ́kà, ẹ lè gba iwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá kọjá. Gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì, ọmọ Àkùngbá, ló jẹ́ kó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iwájú yunifásítì yẹn náà la torí ẹ̀ jà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú oṣù Kìíní 2021, tírélà kan já wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹnu ọ̀nà iléèwé, ó pa èèyàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Àwọn tó kù jáde sójú títì. Ọmọ wa kan wà níbẹ̀, mo sì ní kó wá jókòó sílé. Ẹ pè mí láti Maryland láàárín òru, ẹ ní ta ló máa dúró fún òkú bí alààyè bá jókòó? Mo ní ọlọ́pàá ò fún wọn láṣẹ. Háà, mo gbọ́ ọ lóru yẹn! Ẹ ka ẹ̀ka 40 nínú ìwé òfin 1999 fún mi, ẹ ní ní 2007 ni Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn l'Ábújá ti dájọ́ pé kò sídìí tí ẹni tó bá fẹ́ wọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ fi gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì ni yín o, ẹ kì í ṣe lọ́yà. Ọmọ náà lọ, ó sì padà wálé láyọ̀. Mo túúbá lónìí, lójú gbogbo òǹkàwé.

Ká padà sí Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ó kọ́ yín. Ẹ dé ibẹ̀ ní 1995, mo rò pé ẹ ó sinmi. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996, wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù, ìyàwó Abíọ́lá, l'Ékòó. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí New York, ẹ lọ dúró níwájú ọ́fíìsì Nàìjíríà ní Second Avenue pẹ̀lú àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn. Orígun títì yẹn ń jẹ́ orúkọ Kúdírátù lónìí, ìlú New York ló gbé pátákó orúkọ náà síbẹ̀. Onítakisí tí ò mọ Abẹ́òkúta lójú àlá ń rí i kà lójoojúmọ́.

Àwọn ìdúró yín kéékèèké ni mo fẹ́ràn jù, àwọn tí ìwé ìròyìn kì í gbé. Ẹ dúró kí wọ́n má ti ilé ìkàwé àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ dúró kí wọ́n ya funfun sójú títì níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń sọdá. Lẹ́yìn náà ni ọdún 2025 dé. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà, ibi tó lé ní 2,000 ni wọ́n ti wọ́de lọ́jọ́ kan náà káàkiri Amẹ́ríkà lábẹ́ àkọlé “No Kings”, ìyẹn “kò sí ọba”. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹwàá, ó ti lé ní 2,500. Kì í ṣe Washington nìkan o, àwọn ìlú tí ò ju Ọ̀kà lọ jáde, wọ́n tò sétí títì, ọkọ̀ ń kọjá, wọ́n ń tẹ hóònù kí wọn.

Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù Kẹwàá ṣì wà nínú fóònù mi. Súwẹ́tà lórí bùbá, bàtà kánfáàsì, gèlè. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí náà dúró. Iwájú rẹ̀ ni ẹ kọ “No Kings” sí, àmọ́ mo fẹ fọ́tò náà, mo rí etí páálí: páálí iṣu Gánà ni! Mo fi han àwọn àgbà kan n'Ìkàrẹ́. Nílùú tí ọba Olúkàrẹ́ wà tí ọba Ọwá-Alẹ̀ sì wà, èèyàn kì í gbé irú páálí bẹ́ẹ̀ kọjá láìdúró ṣàlàyé. Bàbá kan wò ó títí, ó ní, “Ṣé wọn ò fẹ́ ọba rárá ni, àbí èyí tó wà níbẹ̀ ni wọn ò fẹ́?” Èsì tí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ ni pé kí n sọ fún bàbá pé ààrẹ ni wọ́n dìbò yàn, wọn ò fi í jọba, àti pé ọba gan-an ní àwọn tó ń dá a lẹ́kun. Bàbá náà mi orí, ó ní Òyìnbó ṣi ọ̀rọ̀ lò nìyẹn. Mo fara mọ́ ọn. Aláàfin Ọ̀yọ́ pàápàá láyé àtijọ́, bó bá ṣàṣejù, Baṣọ̀run lè gbé igbá òfìfo fún un, ó sì mọ ohun tó kàn.

Ẹ sọ fún mi nípa ọkùnrin tó máa ń sọ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, tó máa ń pariwo pé kí ẹ padà síbi tí ẹ ti wá. Ẹ ní ẹ máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó ní, “Ẹ kú àárọ̀ o.” Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gbé ọwọ́ sókè. Ẹ ò mọ̀ bóyá ó ń kí yín ni àbí ó ń lé eṣinṣin. Ọmọ onílùú ni yín níbẹ̀, ẹ ń dìbò, ẹ sì ti sọ fún àwọn ọmọ wa tí ìwé wọn ò tíì pé pé kí wọ́n jókòó sílé, ẹ ó dúró tiwọn mọ́ tiyín. Ẹ tún sọ fún mi nípa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Òyìnbó obìnrin tí ẹ jọ máa ń dúró, tí ẹ kọ́ ní ìkíni kan ṣoṣo. Bó bá ti rí yín, á ní, “E ku iduro.” Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ilẹ̀ Maryland, àmọ́ ó mọ ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Ẹni tó di máìkì mú lánàá ò mọ̀ ọ́n.

Àǹtí, ẹ̀mí yín á gùn. Ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n, ohùn yín ò ní há. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Àwọn tí ẹ dúró tì á dúró tì yín.

Dókítà yín ní ó ti rẹ orúnkún òsì yín, pé kí ẹ máa jókòó, ẹ sì kọ̀, ẹ ní ẹni tó bá gbé àga lọ síwọ́de ti sọ ọ́ di ìpàdé ẹbí. Mo ti gbọ́. Káfíńtà kan n'Ìkàrẹ́ ti bá mi kan àpótí ìjókòó kékeré, ó ṣe é pẹlẹbẹ kó lè wọ inú báàgì. Ó wà lábẹ́ àwọn aṣọ yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́. Ìyá wa jókòó ti garawa, ẹ̀yin fúnra yín jókòó lórí táyà. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá di Sátidé, ẹ jókòó lé e.